Adìẹ Tí Kò Yé Mọ́ àti Ajá Tí Kò Lè Ṣọ́lé Mọ́

Ẹ̀yin ará, ìbéèrè kan wáyé láàrin àwọn àgbà ìjọ wa ní ìpàdé ẹ̀kọ́ Bíbélì, ó sì fa ọ̀rọ̀ gùn tó bẹ́ẹ̀ tí a fi túká láìrí ìdáhùn sí i. Ìbéèrè náà kò le ní gbígbọ́. Ọkùnrin kan tí ó ti fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba ní ajá kan. Ajá náà ti di arúgbó, eyín rẹ̀ ti ká, ojú rẹ̀ ń ṣe bàìbàì, kò sì lè lé olè mọ́. Àwọn tí ń ra ajá fún jíjẹ, tí gbogbo wa mọ̀ ní ilẹ̀ Plateau yìí, ti wá sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n sì ti dá iye lé e. Ó ń béèrè bóyá ẹ̀ṣẹ̀ ni kí òun gba owó náà. Kí ẹnikẹ́ni tó dáhùn, ìyá àgbà kan bú sẹ́rìn-ín. Ó ní bí èyí bá jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀, kí ni kí a ti wí nípa àgbébọ̀ adìẹ tí òun pa sí ọbẹ̀ ní ọjọ́ Àjíǹde, èyí tí ó ti yé ẹyin fún òun fún ọdún mẹ́ta gbáko?

Àwọn kan bá a rẹ́rìn-ín. Àwọn mìíràn ní ọ̀rọ̀ ajá àti adìẹ kò yẹ ní ilé Ọlọ́run. Èmi kò rò bẹ́ẹ̀, ìdí nìyí tí mo fi tọrọ àyè nínú ìwé wa yìí láti sọ èrò mi.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ rántí bí ìgbé ayé wa ti rí. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú àwa tí a wá sí òkè Ọya láti Ògbómọ̀ṣọ́, láti Ọ̀ffà, láti Ìwó àti àwọn ìlú mìíràn, iṣẹ́ ni a bá wá. Nígbà tí ara wa le, a kì í gbé ilé. Akọ̀wé ń jáde kí oòrùn tó ràn dáadáa, oníṣòwò ń padà wálé nígbà tí àwọn ọmọ bá ti sùn. Adìẹ inú àgbàlá jẹ́ ti ìyàwó, ajá sì jẹ́ ti àwọn ọmọ. Bàbá kàn ń fi ẹsẹ̀ tì wọ́n kúrò lẹ́nu ọ̀nà ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí òṣìṣẹ́ ìjọba bá lo ọdún 35 lẹ́nu iṣẹ́, tàbí tí ó bá pé ẹni 60 ọdún, wọn a fún un ní ìwé, wọn a bá a ya fọ́tò, ó di ilé. Àwọn ọmọ ti lọ sí Èkó, sí Àbújá, sí ìlú Òyìnbó. Ta ni ó kù? Àkùkọ ni ó ń jí i ní ìdájí. Ajá ni ó ń sìn ín dé ẹnu géètì nígbà tí ó bá fẹ́ wo bóyá ẹnikẹ́ni ń bọ̀.

Ẹni tí kò bá tíì dé ibẹ̀ kò lè mọ bí ọjọ́ ṣe ń lọ. Òtútù ìlú Jos ní àsìkò ọyẹ́ kì í ṣe kékeré, nítorí ìlú náà ga ju ojú òkun lọ ní ohun tí ó lé ní 1,200 mítà. Ní irú òwúrọ̀ bẹ́ẹ̀ àgbàlagbà kì í tètè ṣí ilé adìẹ, kí òtútù má baà pa àwọn òròmọdìẹ. Yóò dúró títí oòrùn yóò fi kan ògiri. Lẹ́yìn náà yóò gbọn agolo àgbàdo, gbogbo wọn yóò sì sáré wá, nítorí wọ́n mọ ìró agolo náà yàtọ̀ sí ti gbogbo agolo yòókù. Yóò da omi tuntun sí ìkòkò fífọ́. Yóò kà wọ́n. Ẹni tí ó fi ọgbọ̀n ọdún ka owó ìjọba tí kọ́bọ̀ kan kò dín, adìẹ mọ́kànlá ni ó ń kà báyìí ní àárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́. Bí ọ̀kan bá sì dín, kò ní jẹun títí yóò fi rí i lábẹ́ ọgbà aládùúgbò. Ajá yóò máa tẹ̀lé e nínú gbogbo iṣẹ́ yìí bí akọ̀wé kékeré. Bàbá ń bá a sọ̀rọ̀, èdè Yorùbá ni ó sì ń sọ sí i. Àwọn ajá kan wà ní òkè Ọya yìí tí wọ́n gbọ́ Yorùbá ju àwọn ọmọ-ọmọ wa tí wọ́n wà ní Lọ́ńdọ̀nù lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn nìyẹn.

Nítorí náà, nígbà tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá béèrè bóyá kí òun ta ajá òun, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹran lásán ni ó ń sọ. Ó fẹ́ mọ gbèsè tí a jẹ ẹ̀dá tí ó bá wa gbé ilé, nígbà tí kò bá lè ṣe wá ní àǹfààní mọ́. Ìbéèrè ńlá ni fún àwa tí ọ́fíìsì kò wá mọ́.

Ẹ jẹ́ kí n mú ti adìẹ ṣáájú, nítorí òun ni ó rọrùn. Adìẹ ìbílẹ̀ a máa yé tó ẹyin mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí ó tó sàba. Yóò sàba lé wọn fún ọjọ́ 21. Kò ní fi bẹ́ẹ̀ jẹun, kò ní fi bẹ́ẹ̀ mu omi, yóò sì ti rù kan egungun kí àwọn ọmọ tó yọ. Lẹ́yìn èyí ni yóò máa kó wọn kiri, tí yóò sì dojú kọ àṣá nítorí wọn. Nígbà tí Olúwa wa ń kédàárò lórí Jerúsálẹ́mù, bí a ti kà á nínú Mátíù orí 23, adìẹ àti àwọn ọmọ rẹ̀ ni ó fi ṣe àpẹẹrẹ. Ti adìẹ àgíríìkì yàtọ̀. Òun a bẹ̀rẹ̀ sí í yé ní nǹkan bí oṣù márùn-ún, yóò máa yé fẹ́rẹ̀ẹ́ lójoojúmọ́ fún bí ọdún kan tàbí kí ó lé díẹ̀, lẹ́yìn náà ẹyin yóò dínkù, oúnjẹ tí ó ń jẹ kò sì ní dínkù. Àgbẹ̀ tí ó ní ẹgbẹ̀rún irú wọn kò lè fi ojú àánú wo ìwé ìṣirò. Yóò tà wọ́n, a ó sì rà wọ́n fún ọdún Kérésìmesì, a ó sì máa ṣàròyé pé ẹran wọn le. Adìẹ lè lo ọdún márùn-ún, mẹ́fà, àní jù bẹ́ẹ̀ lọ láyé bí a bá tọ́jú rẹ̀, ṣùgbọ́n mélòó nínú wọn ni ó ń rí i lò?

Ǹjẹ́ a ṣẹ adìẹ bẹ́ẹ̀ nígbà tí a bá pa á? Mo rò pé a kò ṣẹ̀ ẹ́. Láti ọjọ́ tí a ti rà á ni ọ̀rọ̀ ìkòkò ọbẹ̀ ti wà láàrin àwa àti rẹ̀, a kò sì ṣe ohun kan tí ó lè mú kí ó rò pé kò sí níbẹ̀. Adìẹ kò fi ara rẹ̀ lé wa lọ́wọ́. A ń lé e ni. Àwọn ọmọ ń ṣubú lu ara wọn kí ọwọ́ tó bà á. Ọlọ́run fún Nóà àti àwọn ọmọ rẹ̀ ní ẹran láti jẹ ní Jẹ́nẹ́sísì orí 9, kò sì yọ adìẹ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n pé a lè pa á kò fún wa ní àṣẹ láti fi ìyà jẹ ẹ́. Nínú Diutarónómì orí 22, a kọ̀ fún ẹni tí ó bá rí ìtẹ́ ẹyẹ pé kí ó má ṣe kó ìyá pọ̀ mọ́ àwọn ọmọ. Ní orí 25, a kọ̀ pé kí a má ṣe di màlúù lẹ́nu nígbà tí ó bá ń pa ọkà. Ìwé Òwe orí 12 sì fi olódodo hàn bí ẹni tí ó bìkítà fún ẹ̀mí ẹran ọ̀sìn rẹ̀. Wàyí o, ẹ wo bí a ti ń so adìẹ lẹ́sẹ̀, tí a ń fi í kọ́ ọwọ́ alùpùpù ní ìdoríkodò láti ọjà dé ilé, tí a sì ń sọ ọ́ sí oòrùn láìfún un lómi nítorí pé ọ̀la ni a ó pa á. Ẹ̀ṣẹ̀ wà níbẹ̀. Ìyá wa tí ó fi ọ̀bẹ mímú pa àgbébọ̀ rẹ̀ ní ọjọ́ Àjíǹde, lẹ́yìn ọdún mẹ́ta tí ó fi àgbàdo àti omi tọ́ ọ, kò jẹ ẹ́ ní gbèsè kankan.

Bí adìẹ kan bá wá wà tí ìyá kò fẹ́ pa ńkọ́? A mọ irú rẹ̀. Ó ti ní orúkọ. Ó ń wọ inú yàrá wá sùn lábẹ́ àga. Kò yé mọ́ láti ọdún méjì. Àwọn ọmọ wálé fún Kérésìmesì, wọ́n ní, "Màmá, kí ni ẹ tún ń fi èyí ṣe?" Màmá ní kí wọ́n fi í sílẹ̀, kí wọ́n lọ ra òmíràn lọ́jà. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ogbó ti dé. Èmi kò rí ohun tí ó pani lẹ́rìn-ín níbẹ̀. Màmá kò ṣe òfin fún ẹnikẹ́ni. Òun fúnra rẹ̀ ń jẹ adìẹ. Ohun tí ó mọ̀ ni pé nǹkan kan ti ṣẹlẹ̀ láàrin òun àti ọ̀kan yìí tí kò ṣẹlẹ̀ láàrin òun àti àwọn yòókù. Wòlíì Nátánì sọ irú ìtàn yìí fún Dáfídì ọba, ti tálákà tí ó ní ọ̀dọ́ àgùntàn kan ṣoṣo, tí ó ń bá a jẹ nínú àwo rẹ̀. Dáfídì kò béèrè kí ni ìwúlò àgùntàn náà. Inú bí i lójú ẹsẹ̀.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ láàrin ìyá yìí àti adìẹ kan ṣoṣo, òun ni ó máa ń ṣẹlẹ̀ láàrin ènìyàn àti ajá ilé rẹ̀ nígbà gbogbo, nítorí pé bẹ́ẹ̀ gan-an ni a ṣe ń tọ́ ajá. A kì í lé ajá kí a tó mú un. A ń pè é ni. Àwa Yorùbá a máa fún ajá ní orúkọ tí ó ní ìtumọ̀, orúkọ tí a fi ń pòwe sí aládùúgbò. Ká ní Tanmọ̀la ni ajá bàbá yìí ń jẹ́. Láti ìgbà tí ó ti wà ní ọmọ ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ni a ti ń kọ́ ọ pé bí òun bá gbọ́ orúkọ náà, ire ni: oúnjẹ ni, tàbí ọwọ́ tí yóò pa á lórí. Fún ọdún mẹ́wàá, fún ọdún méjìlá, a kò yí ìtumọ̀ orúkọ náà padà. Nísinsin yìí oníbàárà dúró ní ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú okùn. Kò lè mú ajá náà fúnra rẹ̀, nítorí ajá kò mọ̀ ọ́n rí, yóò sì fi eyín díẹ̀ tí ó kù bù ú jẹ. Ó ní, "Bàbá, ẹ bá mi pè é." Bàbá pe Tanmọ̀la. Tanmọ̀la wá, ó ń ju ìrù. Bàbá fi okùn sí i lọ́rùn.

Ibẹ̀ ni mo rò pé ọ̀rọ̀ náà wà, kì í ṣe nínú pípa. Bí ó bá jẹ́ ẹran lásán ni Bàbá tà, oníbàárà ì bá mú ẹran tí ó rà fúnra rẹ̀. Ìgbẹ́kẹ̀lé tí Bàbá fúnra rẹ̀ gbìn ni ó lò bí okùn àkọ́kọ́, kí okùn oníbàárà tó dé. Yorùbá ní orúkọ fún irú ìwà yìí láàrin ọmọ ènìyàn. Ilẹ̀ dídà ni wọ́n ń pè é, wọ́n sì ní ẹni tí ó bá dalẹ̀ yóò bá ilẹ̀ lọ. Èmi kò sọ pé ilẹ̀ yóò mú ẹni tí ó ta ajá. Mo ń sọ pé ìwà kan náà ni. Ẹnìkan lè wí pé ajá kò mọ ohun tí ń jẹ́ ìlérí, pé kò bá wa tọwọ́ bọ ìwé. Òótọ́ ni. Ọmọ ọwọ́ náà kò bá ìyá rẹ̀ tọwọ́ bọ ìwé. Ẹni tí ó bá mú kí ẹ̀dá mìíràn gbẹ́kẹ̀ lé òun, tí ó sì fi ọ̀pọ̀ ọdún jẹ àǹfààní rẹ̀, tí ó sùn fọnfọn lóru nítorí pé etí kan wà lójúfò níta, ti ṣe ìlérí, bí kò tilẹ̀ la ẹnu.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun. Ní Róòmù àtijọ́ ọkùnrin olókìkí kan wà tí a ń pè ní Cato, tí ó kú ní ọdún 149 kí a tó bí Olúwa wa. Ó kọ ìwé kan lórí iṣẹ́ oko, ó sì gba olóko nímọ̀ràn níbẹ̀ pé kí ó ta màlúù tí ó ti gbó, kí ó ta ọmọlanke àti irin-iṣẹ́ tí ó ti gbó, kí ó sì ta ẹrú tí ó ti darúgbó àti èyí tí ń ṣàìsàn. Ẹ ṣàkíyèsí pé nínú ọ̀rọ̀ kan náà ni ó ka gbogbo wọn pọ̀. Ó ju igba ọdún lọ lẹ́yìn náà kí Plutarch, ará Gíríìkì, tó kọ ìtàn ìgbésí ayé Cato, ìmọ̀ràn yìí kò sì dùn mọ́ ọn nínú rárá. Ó ní ènìyàn rere a máa tọ́jú ẹṣin àti ajá rẹ̀ ní ọjọ́ ogbó wọn, kì í ṣe ní ìgbà èwe wọn nìkan. Ó mẹ́nu ba ajá Xanthippus. Nígbà tí àwọn ará Áténì ń sá fún ogun Páṣíà ní ọdún 480 kí a tó bí Kristi, tí olúwa ajá yìí wọ ọkọ̀ ojú omi lọ, ajá náà lúwẹ̀ẹ́ tẹ̀lé e títí dé erékùṣù Sálámísì, ibẹ̀ ni ó sì kú sí. Wọ́n sin ín, wọ́n sì ń pe ibẹ̀ ní Ibojì Ajá.

Ọ̀pọ̀ olùkọ́ a máa fi irú ọ̀rọ̀ báyìí kọ́ni pé kí a ṣàánú ẹranko kí a lè mọ bí a ti ń ṣàánú ènìyàn, bí ọmọ iṣẹ́ tí ń fi àfọ́kù pákó kọ́ iṣẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà. Mo gbà á dé ibì kan. Ẹni tí ojú rẹ̀ bá ti mọ́ láti máa wo ohun gbogbo nínú ilé pẹ̀lú ìbéèrè pé "kí ni ó kù tí èyí lè ṣe?" kò ní dúró lórí ajá. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé nítorí ènìyàn nìkan ni a kò fi ní ta ajá, á jẹ́ pé ajá fúnra rẹ̀ kò já mọ́ nǹkan kan, ó di àfọ́kù pákó. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Gbèsè tí Bàbá jẹ Tanmọ̀la, Tanmọ̀la ni ó jẹ, kì í ṣe ẹlòmíràn.

Àwọn bàbá wa ti mọ nǹkan nípa èyí kí a tó gbọ́ orúkọ Plutarch. Gbogbo wa ni a gbọ́ àlọ́ ìyàn tí ó mú ní ìlú àwọn ẹranko, nígbà tí wọ́n pinnu pé kí olúkúlùkù mú ìyá rẹ̀ wá kí wọ́n pa á jẹ. Ajá nìkan ni ó gbé ìyá tirẹ̀ pamọ́ sí òkè ọ̀run, tí ìyá náà sì ń ju okùn sílẹ̀ fún un láti gòkè wá jẹun. Ìjàpá ṣọ́ ọ, ó jí orin rẹ̀ kọ, okùn já, a sì mọ bí ẹ̀yìn Ìjàpá ti rí títí di òní. Nígbà tí a wà ní ọmọdé, Ìjàpá ni gbogbo wa ń fi ojú sí nínú àlọ́ yìí. Nísinsin yìí ìyá Ajá ni mo ń wò, mo sì ń bi ara mi pé kí ló dé tí ó fi jẹ́ Ajá ni wọ́n yàn. Wọn ì bá ti yan Ẹkùn. Wọn ì bá ti yan Erin. Lójú tèmi, ẹni tí ajá ń bá gbé ilé ni ó pa àlọ́ náà.

Ẹ má ṣe rò pé mo ń bá àwọn tí ń jẹ ajá jà. Ajá tí a sìn fún ọjà bí a ti ń sin ewúrẹ́, ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá ti adìẹ lọ. Àwa náà ń fi ajá bọ Ògún ní ilẹ̀ Yorùbá, àwọn ará Òǹdó sì mọ bí a ti ń sè é. Kò sí ẹ̀yà tí ó mọ́ ju ẹ̀yà lọ nínú ọ̀rọ̀ ẹran. Ẹnìkan ní ìpàdé mú Diutarónómì orí 23, ẹsẹ 18 wá, pé a kò gbọdọ̀ mú owó ajá wọ ilé Olúwa. Kí ó ṣọ́ra. Ọ̀pọ̀ àwọn ọ̀mọ̀wé gbà pé orúkọ ẹ̀gàn ni "ajá" níbẹ̀ fún àwọn ọkùnrin tí ń ta ara wọn ní ojúbọ òrìṣà, nítorí pé àwọn ni ẹsẹ tí ó ṣáájú ń sọ nípa wọn. A kò nílò láti lọ́ Ìwé Mímọ́ kí a tó mọ ohun tí ó tọ́.

Ìbéèrè tí ó le jù lọ ni èyí tí ẹnìkan fi ohùn jẹ́jẹ́ béèrè: "Ebi ń pa ènìyàn, ẹ ń sọ ti ajá?" Ó yẹ kí a dá a lóhùn láìfi ṣeré. Kí ni ajá arúgbó ń jẹ? Ìyókù túwó, ẹ̀ẹ̀pá ìdí ìkòkò, egungun. Nínú Máàkù orí 7, obìnrin àjèjì kan rán Jésù létí pé àwọn ajá ń rí èérún jẹ lábẹ́ tábìlì àwọn ọmọ, Jésù kò sì bá a wí. Bí a bá ta ajá náà, ẹni tí ebi ń pa kò ní yó, àfi bí owó náà bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, a sì mọ̀ pé kì í sábà dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ilé kan bá wà tí ọmọ ọ̀dọ̀ ń mu gààrí lásán tí ajá sì ń jẹ ẹran, onílé náà ti yí nǹkan padà. Kí ó tún ilé rẹ̀ ṣe kí ó tó bá wa sọ̀rọ̀ ajá.

Ẹnìkan sì wà tí èmi kò lè bá wí. Owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ kò tíì jáde, wọ́n ti lé ọmọ-ọmọ tí ó ń tọ́ padà wálé nítorí owó ilé ẹ̀kọ́, oníbàárà sì wà lẹ́nu ọ̀nà. Ilé tí ó ń jóná, ohun tí ọwọ́ bá tẹ̀ ni a ń gbé. Èmi kò ní dá a lẹ́jọ́. Ṣùgbọ́n kí ó má ṣe pè é ní ọgbọ́n, kí ó má sì jẹ́ kí oníbàárà sọ fún un pé ajá lásán ni. Ó yẹ kí ó dùn ún. Àwa tí a sì ń jókòó tì í nínú ìjọ ní ọjọ́ Ìsinmi, tí a ń bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, tí a ń béèrè àlàáfíà ilé, ibo ni a wà tí ọ̀rọ̀ fi kan Tanmọ̀la?

Mo tún ní láti sọ pé títọ́jú kì í ṣe fífi sílẹ̀. Ajá tí a kò fún ní abẹ́rẹ́ àjẹsára, tí ó ń rìn kiri àdúgbò, ewu ni fún ọmọ ọlọ́mọ. Nígbà tí àmì àìsàn dìgbòlugi bá ti hàn lára ènìyàn, ikú ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ń já sí. Ọdọọdún ni kí a gba abẹ́rẹ́ fún ajá, a kò sì ní àwáwí ní ìlú yìí, níwọ̀n ìgbà tí ilé ìwádìí àrùn ẹran ti ìjọba àpapọ̀ ti wà nítòsí wa ní Vom láti ọdún 1924. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe abẹ́rẹ́ ajá àti ti adìẹ, pàápàá ti àrùn tí àwọn dókítà ẹran ń pè ní Newcastle, tí ó máa ń kó gbogbo adìẹ àdúgbò lọ ní àsìkò ọyẹ́. Bí ajá bá sì wà nínú ìrora tí kò ní ìwòsàn, tí kò lè dìde mọ́, dókítà ẹran lè fún un ní abẹ́rẹ́ tí yóò fi sùn lọ. Èyí kì í ṣe ilẹ̀ dídà. Bàbá lè pe orúkọ rẹ̀ níbẹ̀ pẹ̀lú, kí ó sì gbé ọwọ́ lé e lórí. Ìtumọ̀ orúkọ náà kò yí padà títí dé òpin. Ṣùgbọ́n kí ó lọ fúnra rẹ̀, kí ó má ṣe rán ọmọ ilé kí òun sì jókòó sí pálọ̀.

Òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Àwa tí a ti fẹ̀yìntì kì í jẹ́ kí òwe yìí gbẹ lẹ́nu wa nígbà tí owó kò bá tètè dé láti Èkó. A kò fẹ́ kí àwọn ọmọ wa wò wá bí adìẹ àgíríìkì tí ẹyin rẹ̀ ti tán. Bàbá àti ajá kì í ṣe ẹgbẹ́, ẹ má ṣe ṣì mí gbọ́. Ṣùgbọ́n ó ṣòro fún mi láti fi ẹnu kan pa òwe yìí, kí n sì fi ẹnu kan náà ná ajá mi.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti ń ká àwa tí a wá láti ìlú mìíràn mọ́ jù lọ ni ọjọ́ tí a bá ń padà sílé pátápátá. A máa ń múra fún un ní ọdún kan ṣáájú. A ó ta ilẹ̀ tí a ní í tà, a ó di bẹ́ẹ̀dì àti àga, ìjọ yóò ṣe ìdágbére, wọn a fún wa ní Bíbélì ńlá. Ti adìẹ rọrùn: a ó pa díẹ̀ fún àwọn tí ó wá kí wa, a ó fún àwọn aládùúgbò ní ìyókù. Kò sí ẹni tí ń mẹ́nu ba ajá. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà ọkọ̀ yóò gbéra, ajá yóò sáré tẹ̀lé e dé oríta, ìgbà tí kò bá rí i mọ́ yóò padà wá dùbúlẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà. Ayálégbé tuntun kò mọ orúkọ rẹ̀. Kò ní pẹ́ tí oníbàárà yóò fi dé, ọ̀fẹ́ sì ni yóò rí i mú.

Bí a kò bá lè mú un lọ, kí a wá ẹni tí yóò gbà á ní oṣù méjì ṣáájú, ẹni tí ajá mọ̀, kí onítọ̀hún máa wá fún un ní oúnjẹ ní ìrọ̀lẹ́, kí òun náà sì máa pe orúkọ rẹ̀, títí ajá yóò fi gba ọwọ́ rẹ̀ bí ó ti gba tiwa. Bí a bá sì fẹ́ mú un lọ, ó ṣeé ṣe. Àwọn awakọ̀ tí ń lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ọ̀ffà a máa gba ewúrẹ́, wọ́n sì ń gba adìẹ nínú àgò. Ti ajá, òmíràn yóò gbà, òmíràn kò ní gbà. Ẹ bi wọ́n kí ẹ tó san owó ọkọ̀, kí ẹ sì mú ìwé abẹ́rẹ́ ajá náà dání.